Ta ló ti gba owó ìjọba Amẹ́ríkà lórí ilẹ̀ tí kò dáko sí?

Àgbẹ̀ Tuntun: Ẹ kú ilé o. Mo ra 40 éékà ní Iowa. Ẹni tó tà á fún mi ní ìjọba ń sanwó fáwọn ará àdúgbò kí wọ́n má gbin àgbàdo sétí odò, kí wọ́n jẹ́ kí koríko bò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọ CRP, ìyẹn ètò ìjọba ọ̀hún, báwo ni tiyín?

Bàbá Ìbejì Kansas: Òótọ́ ni. Látọdún 1985 ni. Ọdún 10 sí 15 lẹ máa fọwọ́ sí, owó á máa wọlé lọ́dọọdún. Ilẹ̀ àna mi ni tèmi. Lọ́dún kan ọ̀dá dá, aládùúgbò wa bẹ̀ mí pé kí màlúù òun wọlé jẹko. Mo ní kò burú, ṣebí koríko náà ni. Háà! Lẹ́tà tó dé lẹ́yìn ìyẹn! Láìgbàṣẹ, èèwọ̀ ni. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ dá gbogbo owó ẹ̀yìn padà tòun tèlé. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyàwó mi tó mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀.

Ọ̀dọ́ Àdúgbò: Owó ọ̀lẹ. Amẹ́ríkà dùn o.

Bàbá Ìbejì Kansas: Ọ̀lẹ kẹ̀? Wá bá mi tu èpò níbẹ̀ kó o rí i. O ò sì gbọdọ̀ gé e lásìkò táwọn ẹyẹ ń yé o. Láwọn ọdún 1930, erùpẹ̀ oko ló ń fò bí òjò níbí, ohun tí wọ́n ń sá fún nìyẹn.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Georgia: EQIP ni tèmi, ètò ìjọba míì tó ń bá àgbẹ̀ dá sówó iṣẹ́ oko, fún ilé ọ̀rá tí wọ́n ń gbin nǹkan sí. Wọ́n lè san tó ìdá 90 nínú 100 fún àgbẹ̀ tuntun. Ara mi ò gbà á, mo ti lọ ra irin kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé. Kọ́bọ̀ wọn ò kàn mí.

Ará Ames: Àgbẹ̀ Tuntun, ẹ ṣọ́ irúgbìn o! Lọ́dún 2016, inú irúgbìn tí wọ́n rà fún ilẹ̀ CRP ni Palmer amaranth gbà wọ Iowa wa yìí káàkiri.

Ọ̀dọ́ Àdúgbò: Kí nìyẹn?

Ará Ames: Tẹ̀tẹ̀. Ọmọ ìyá èyí tá à ń jẹ. Ó ga ju èèyàn lọ, ọ̀pọ̀ oògùn apakoríko ò sì ràn án mọ́.

Àkàndé: Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, ó ti wá tẹ́ ní Iowa 😂😂

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Georgia: Dọ́là 5 ni mò ń ta ìdì kan níbí. Ẹ kó o wá!

Ará Ames: Ìyá, ẹ má jẹ tinú oko wọn o. Ó ti mu oògùn apakoríko, ó ti mu ajílẹ̀.

Àkàndé: Ìyá mi wá kí wa láti Ìkirè, ó já a létí oko, ó fi irú àti panla sè é. A ò kú.

Ará Ames: Ẹ ò TÍÌ kú.

Ọmọ Ọ̀yọ́: Ẹ̀yin tiẹ̀ rí owó. Nílé, lọ́dún 2012, wọ́n ní ajílẹ̀ á máa gba orí fóònù wá. Àtẹ̀jíṣẹ́ dé bàbá mi lọ́wọ́, ajílẹ̀ ò dé. Títí dòní wọn ò jẹ́ ká pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́.

Àgbẹ̀ Tuntun: Owó ni mo bi yín, ẹ̀fọ́ lẹ̀ ń sè. Níbo ni kí n kọ́kọ́ lọ, ẹ jọ̀ọ́?

Bàbá Ìbejì Kansas: Ọ́fíìsì FSA káúńtì yín, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó CRP. Ẹ mú ìwé ilẹ̀ dání, ẹ gba nọ́ńbà oko. Ìgbà wo lẹ ra ilẹ̀ ọ̀hún gan-an?

Àgbẹ̀ Tuntun: Oṣù tó kọjá.

Bàbá Ìbejì Kansas: Áà. Ó gbọ́dọ̀ pé oṣù 12 lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó lè wọlé. Ẹ máa bá wọn se ẹ̀fọ́ ná.