Èsì: “Ohùn afaragbá”? Rárá o

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ lẹ́tà pé ká máa pe passive voice inú gírámà Gẹ̀ẹ́sì (irú “The letter was written”) ní “ohùn afaragbá” lédè Yorùbá ti ń gba oríyìn lọ́tùn-ún lósì láti àná. Ẹ má bínú, èmi ò ní lè bá yín pàtẹ́wọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ ká yọ “ohùn” kúrò ná. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ló ni orúkọ yẹn nínú gírámà Yorùbá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́ “ohùn afaragbá” yóò máa wá àmì kẹrin tí yóò fi sórí fáwẹ̀lì. Ìhun, ìyẹn bí a ṣe to gbólóhùn, lọ̀rọ̀ yìí.

Ibi tó ń dùn mí gan-an ni “a-” yẹn. Ẹ̀gbọ́n kọ “afaragbá” lókè. Kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀ lẹ́tà kan náà, ó ti di “àfaragbá”. Èwo ni ká mú? A- olóhùn àárín ń tọ́ka sí ẹni tó ṣe nǹkan: akọ̀wé, apẹja, aránṣọ. À- olóhùn ìsàlẹ̀ sì sábà máa ń fún wa ní ohun tí wọ́n ṣe: àlòkù, àkọsílẹ̀, àṣàyàn. Ẹni tó bá fi ọ̀kan dípò èkejì ti sọ aṣọ di aránṣọ. Àwọn olùkọ́ àtijọ́ tó kọ́ wa kò jẹ́ gba irú rẹ̀. Wọn á fi báírò pupa yí àmì kan ṣoṣo ká títí ojú ìwé á fi pọ́n.

Ta ló tilẹ̀ fara gbá nínú “The song was heard”? Kí ló ṣe orin? “She is loved by everyone” ńkọ́? Ṣé ká nífẹ̀ẹ́ èèyàn ti wá di ìyà ni?

“Ìhun àbọ̀dolùwà” ni tèmi: àbọ̀ (object) ló di olùwà (subject), bí ọlá ṣe di òkun nínú Ọládòkun. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ń kọ́ni ní òfin. Nínú “Adé wrote the letter”, letter ni àbọ̀. Nínú “The letter was written by Adé”, ó ti bọ́ síwájú, was wọlé, wrote di written, Adé wá lọ dúró sẹ́yìn by. Ẹ sì lè yọ by àti Adé dànù tí a kò bá mọ ẹni tó kọ ọ́, tàbí tí kò kàn wá. Ẹni tó kọ “The accident was happened” yóò rí àṣìṣe rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: happen kò ní àbọ̀, kí ló fẹ́ di olùwà? Ẹnì kan bi mí nípa “This bed was slept in”. Àbọ̀ ni bed náà, àbọ̀ in tó jẹ́ ọ̀rọ̀ atọ́kùn (preposition). Lóòótọ́, resemble ní àbọ̀ tí kì í dolùwà, àmọ́ afaragbá náà kò rí ìyẹn yanjú.

Ẹ má sì fi “Ilẹ̀kùn ṣí” ṣe àpẹẹrẹ passive ní Yorùbá mọ́. “The door opened” nìyẹn. Ọwọ́ ẹnì kan wà nínú “The door was opened”, bó tilẹ̀ fara pamọ́, “Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn” la sì máa ń sọ. Wọ́n aláìlórúkọ yìí ló ń mú ká sọ pé “They are calling you” nígbà tó jẹ́ ẹyọ ẹnì kan ló ń pè, tí elédè Gẹ̀ẹ́sì á sọ pé “You are being called”. Ti “Ìwé náà jẹ́ kíkọ láti ọwọ́ Adé” ló burú jù. “Adé ló kọ ìwé náà.” Kí ló kù tí ẹ ń wá?

Ẹ̀gbọ́n tún ní “A bí mi” nìkan ló tọ́ fún “I was born”, pé “Wọ́n bí mi” dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò mọ àwọn òbí rẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ta wá ni “a” yẹn, ṣé èmi náà wà lára àwọn tó bí mi ni? Kí wọ́n dáhùn ìyẹn ná, mo ń retí.