Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè fi bo bọ́ọ̀dù iná àtijọ́, níbo ni mo sì ti lè rí i rà ní Àkúrẹ́?

Ọmọ Òkè-Àró: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ilé bàbá wa ni mò ń gbé, ilé tí wọ́n kọ́ kété lẹ́yìn tí Àkúrẹ́ di olú-ìlú ìpínlẹ̀ ní 1976. Bọ́ọ̀dù iná tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bó ṣe wà látìgbà náà nìyẹn. Pákó ni wọ́n kàn mọ́ ògiri, cut-out funfun méjì, ìyẹn ilé fíúsì, wà lórí rẹ̀, ìdérí ọ̀kan ti fọ́, irin abẹ́ rẹ̀ sì yọ síta bí eyín arúgbó. Ara àwọn wáyà pupa àti dúdú náà ti gbẹ, ó ń rún sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Abuja ní kí n fi owó ara mi ṣe é, pé ṣebí èmi ni mò ń gbébẹ̀. Àbúrò wa obìnrin ní òun ti lọ sílé ọkọ. Nígbà tí a ń pín owó ilẹ̀ Ọ̀bà-Ilé ńkọ́, ṣé kò tíì lọ sílé ọkọ nígbà yẹn ni? Èmi nìkan ni mo tún òrùlé ṣe, èmi náà ni mo kun ilé látòkè délẹ̀, ẹnì kankan ò kí mi kú iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ n dákẹ́ níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ tẹ́ sẹ́yìn bọ́ọ̀dù náà, tí màá tún fi bo iwájú rẹ̀, kí iná má baà gbé ọmọ ọlọ́mọ, ni mò ń wá. Ṣé rọ́bà ni àbí fọ́míkà?

Ìyá Ìbejì Ìjọ̀kà: Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Táyà ọkọ̀ tó ti jẹ ni ọkọ mi gé tó kàn mọ́ tiwa. Ó ti pẹ́ o, kò sóhun tó ṣe. Àwọn ẹbí ọkọ mi náà ò mú kọ́bọ̀ wá nígbà yẹn, ẹ jẹ́ n má tíì sọ̀rọ̀.

Bọ́sùn Oníná: Màmá Ìbejì, ẹ má bínú, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́. Ohun tó mú táyà dúdú bẹ́ẹ̀, kábọ́ọ̀nù ni, iná sì lè gbà á kọjá. Rọ́bà tó wà fún iṣẹ́ iná, wọ́n máa ń kọ ọ́ sí i lára. Èyí tí wọ́n kọ Class 0 sí lára wà fún iná tó tó 1,000 fóòtì (volt), tiwa nínú ilé sì jẹ́ nǹkan bí 240. Ilẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, kéèyàn dúró lé e tó bá ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kàn mọ́ inú bọ́ọ̀dù.

Ọmọ Ìdànrè: Asbestos ni kí ẹ wá. Àwọn síìlì tí wọ́n ń já dànù nílé àtijọ́, ẹ gé e, ẹ kàn án mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Iná kì í jó o.

Nọ́ọ̀sì Alágbàká: Háà! Ẹ má dá a lóhùn o. Eruku asbestos ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, jẹjẹrẹ ló ń fà, ó sì lè ju ogún ọdún lọ kó tó yọjú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé kò sí irú rẹ̀ tí kì í fa jẹjẹrẹ.

Ọmọ Ìdànrè: Abẹ́ síìlì yẹn náà la ti dàgbà, kí ló ṣe wá?

Nọ́ọ̀sì Alágbàká: Ṣé ẹ̀ ń fi ayùn gé e nígbà yẹn ni? Síìlì tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn ò jọ èyí tí wọ́n ń rẹ́.

Ọmọ Òkè-Àró: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jà síbòmíràn. Fọ́míkà ńkọ́?

Bọ́sùn Oníná: Fọ́míkà orí pákó ò dáa níbẹ̀. Tí pákó bá fa omi, ó lè gbé iná, tó bá sì gbẹ, ó ń jó. Ẹ béèrè Bakelite, ìyẹn ike líle, tàbí fáíbà lọ́wọ́ àwọn tó ń wé kọ́ìlì mọ́tò. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, ó ti pẹ́ tí bọ́ọ̀dù yìí ti wà níbẹ̀, kí ló dé tó fi di kánjúkánjú? Ṣé ó ti gbé èèyàn ni, àbí ó ń gbóná?

Ọmọ Òkè-Àró: Kò gbé ẹnikẹ́ni. Ó máa ń gbóná díẹ̀, òórùn ike tó ń jó sì máa ń jáde níbẹ̀. Kì í ṣe ìgbà gbogbo o. Tí wẹ́lídà bá ń ṣiṣẹ́ ni.

Ìyá Ìbejì Ìjọ̀kà: Wẹ́lídà kẹ̀?

Ọmọ Òkè-Àró: Ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé. Ara cut-out yẹn ló ti fa iná tirẹ̀. Ọmọlúàbí ni, owó ọdún méjì ló san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òun ni mo fi kun ilé.

Nọ́ọ̀sì Alágbàká: Ẹ̀gbọ́n yín tó wà l'Abuja, ṣé wọ́n gbọ́ nípa owó ṣọ́ọ̀bù yẹn?

Bọ́sùn Oníná: Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Wáyà wo ló wà nínú fíúsì?

Ọmọ Òkè-Àró: Tẹ́lẹ̀, tín-ín-rín ló wà níbẹ̀, ó sì ń já ṣáá. Wẹ́lídà bá mi wá kọ́pà tó nípọn. Látìgbà yẹn kò já mọ́, mi ò sì rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ọmọ Ìdànrè: Yéè! Èmi tí mo sọ asbestos, wọ́n ń bá mi jà.

Bọ́sùn Oníná: Ẹ̀gbọ́n, kí ó máa já niṣẹ́ fíúsì. Wáyà inú ògiri ló ń jó dípò rẹ̀ báyìí, ohunkóhun tí ẹ bá sì fi bò ó, ooru ni ẹ ń sé mọ́ inú. Kí wẹ́lídà pa ẹ̀rọ rẹ̀ nísinsìnyí. Ẹ pa change-over, ẹ má fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù, torí wáyà tó ti orí ọ̀pá wọlé ṣì ní iná nínú. Ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ iná kí wọ́n já a lókè. Bọ́ọ̀dù tuntun lẹ nílò, pẹ̀lú bírékà àti RCCB 30 mA, èyí tó ń já iná kíá tí iná bá ń gba ara èèyàn kọjá, kí wẹ́lídà sì lọ gba mítà tirẹ̀. Ṣé ẹ́ẹ̀tì wà, wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀?

Ọmọ Òkè-Àró: Ó wà. Bàbá so ó mọ́ páìpù omi.

Bọ́sùn Oníná: Páìpù irin yẹn ṣì wà?

Ọmọ Òkè-Àró: A ti pààrọ̀ rẹ̀ sí ti ike.

Bọ́sùn Oníná: Ẹ ò ní ẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Kí wọ́n ri ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀.

Ọmọ Òkè-Àró: Mo ti pa change-over. Wẹ́lídà ń pariwo níta, ó ní géètì oníbàárà òun ku ìdajì, kí n dá owó ọdún kejì padà. Níbo ni kí n ti rí i? Ara ògiri ni owó wà.