Táyà 25 ni àbí 28?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa kẹ̀kẹ́ eré ìje. Tòkunbọ̀ ni tèmi, táyà 700x23C (ìyẹn ni pé fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 23) ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Òun ni mò ń gùn láti Mọ́níyà lọ sí Sáńgò láàárọ̀, ẹ sì mọ bí kòtò ṣe pọ̀ tó lójú ọ̀nà. Láàárín oṣù kan, táyà ẹ̀yìn ti jò lẹ́ẹ̀mẹrin. Ihò méjì-méjì ni mo máa ń bá lára túùbù, bí ìgbà tí ejò bá bu èèyàn jẹ. Kìlógíráàmù 84 ni mo wọ̀n.

Mo ti pọ́ǹpù rẹ̀ dé 120 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táyà). Jíjò náà dín kù díẹ̀, àmọ́ ọwọ́ àti ìdí mi ló ń jẹ̀yà. Ọ̀rẹ́ mi kan yá mi ní táyà 28: ó wọ iwájú wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn, àlàfo tó kù lábẹ́ bíréèkì ò ju mílímítà 2 lọ. (Ẹni tó ń lẹ táyà ládùúgbò ní kí n kúkú lọ ra ọ̀kadà. Mo dúpẹ́.)

Ṣé mílímítà 2 yẹn tó lójú ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́, àbí kí n fi 28 síwájú, kí n fi 25 sẹ́yìn? Tó bá jẹ́ 25 ni, psi mélòó ni kí n fi sí i tí kò fi ní máa jò?