Ìjì ń bọ̀, ilé la sì máa wà: kí ni ká kọ́kọ́ ṣe?

Olùbéèrè:
Mo kí gbogbo ilé. Wọ́n ti kéde pé ìjì hurricane, ìjì ńlá tó ń ti orí òkun wá, yóò dé ọ̀dọ̀ wa láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ìpele kejì ni wọ́n sì pè é. Wọn kò pàṣẹ pé kí àdúgbò wa kó jáde, nítorí náà èmi, ìyàwó mi, ọmọ wa méjì àti ìyá mi ti pinnu láti dúró sílé. A kò rí irú èyí rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti là á kọjá, ẹ là wá lóye.

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́:
Ọmọ mi, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ilé yín wà níbi tí omi lè ya wọ̀. Ìpele tí wọ́n ń pè yẹn, láti 1 dé 5, agbára afẹ́fẹ́ nìkan ló ń wọ̀n, kò sì sọ nǹkan kan nípa òjò tàbí omi òkun tí afẹ́fẹ́ yóò tì wọ ìgboro. Nígbà tí ìjì Harvey fi òjò bo ìlú Houston ní Amẹ́ríkà mọ́lẹ̀ lọ́dún 2017, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti rọ̀ débi pé wọn kò pè é ní hurricane mọ́. Bí omi bá lè dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má dúró de àṣẹ ìjọba. Ẹ kó màmá àti àwọn ọmọ lọ síbi tí ilẹ̀ ti ga.

Bí ilẹ̀ yín bá ga, omi mímu ló kàn. Nǹkan bíi lítà mẹ́rin ni wọ́n máa ń kà fún ẹnì kan lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán. Ọ̀sẹ̀ kan lèmi máa ń kà, èyí tí í ṣe 140 lítà fún ẹ̀yin márùn-ún. Ẹ pọn omi mìíràn sínú ọpọ́n ìwẹ̀, tí ẹ ó máa dà sí ilé ìgbẹ́. Ìdérí ihò ọpọ́n tiwa kò dí dáadáa lọ́dún kan, kí ilẹ̀ tó mọ́, omi ti jò tán pátápátá. Láti ìgbà náà ni mo ti ń tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sínú rẹ̀ kí n tó tú omi sí i. Fíríìjì tí a kò ṣí máa ń tutù fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn tí iná bá lọ, nítorí náà ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ.

Ẹ̀gbọ́n kan:
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ màmá. Ẹ jẹ́ kí n fi ti jẹnẹrétọ̀ kún un, torí pé àwa tí a mọ̀ ọ́n lò máa ń fojú kékeré wò ó. Èéfín rẹ̀ ní carbon monoxide, gáàsì olóró tí kò ní òórùn, tí kò sì ṣeé fojú rí. Lẹ́yìn tí ìjì Laura ti kọjá ní Louisiana, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2020, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kú ló jẹ́ pé èéfín jẹnẹrétọ̀ ló pa wọ́n. Ìta gbangba ni kó wà, ó kéré tán mítà mẹ́fà sí ilé, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú síbòmíràn. Ibi ìgbọ́kọ̀sí kò bójú mu, kódà bí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀.

Ní ti fèrèsé, ẹ má fi téèpù ṣòfò. Kò ní kí gíláàsì má fọ́. Pátákó tí a kàn mọ́ ọn láti ìta ló ń gbà á là. Lóru ọjọ́ náà, kí gbogbo yín wà ní yàrá àárín ilé tí kò ní fèrèsé, kí bàtà oníkálukú sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bí ojú ìjì, ìyẹn àárín rẹ̀, bá gba orí yín kọjá, gbogbo nǹkan á dákẹ́ lójijì, ṣùgbọ́n ẹ má jáde. Èmi ti di ilẹ̀kùn mú lọ́jọ́ tiwa pé kí n lọ wo òrùlé, ìyàwó mi ló fà mí lẹ́wù. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí afẹ́fẹ́ fi padà láti òdìkejì, tó sì ká odi onígi ọgbà wa bí ẹní.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọ̀kan ló kù: abẹ́rẹ́ insulin ni màmá ń gún, inú fíríìjì ló sì ń gbé.

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́:
Ẹ gba èyí tí yóò pẹ́ wọn lónìí, kí ilé oògùn tó tì. Bí iná bá lọ, ẹ gbé e sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, ṣùgbọ́n ẹ fi aṣọ ìnura wé e kó má baà fara kan yìnyín, nítorí insulin tó bá ti dì kò ṣeé lò mọ́. Ẹ kọ orúkọ oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀ sórí ìwé, kí ẹ fi sínú ọ̀rá kan náà pẹ̀lú ìwé ìrìnnà yín.