Iná ẹ́ńjìnì Sienna wa ò kú, òórùn epo tún ń yọ

Ìyá Ìbejì, Ọ̀bà-Ilé: Ẹ kúuṣẹ́ o. Sienna 2004 tá a fi ń gbé àwọn ọmọ lọ síléèwé ni o, iná ẹ́ńjìnì tàn, wọ́n fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò l'Álágbàká, ó gbé P0455 jáde, mẹkáníìkì wá ní ká lọ ra táǹkì. Mọ́tò ń sáré dáadáa o, àmọ́ tá a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra epo, ó máa ń ṣòroó sítáàtì, òórùn epo á sì gba inú mọ́tò. Ṣé táǹkì ni lóòótọ́?

Ọmọ Akúrẹ́: Táǹkì báwo? Ẹ má tíì náwó o mà. P0455 kàn ń sọ pé oru epo ń jò gan-an ni, kò sọ ibi tó ti ń jò. Ẹ wo ìdérí táǹkì, rọ́bà ẹ̀ máa ń gbẹ, á sán.

Bọ̀dá Wáyà: Ẹ wò ó lóòótọ́, àmọ́ torí pé ó ń ṣòroó sítáàtì lẹ́yìn tẹ́ ẹ ra epo, purge valve lèmi fura sí, ìyẹn èyí tó ń jẹ́ kí oru epo gba inú canister, ike tí wọ́n kó èédú sí tó ń gba oru epo táǹkì dúró, lọ sí ẹ́ńjìnì kó lọ jó níbẹ̀. Tí ẹ́ńjìnì bá ti kú, ó yẹ kó tì pa, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́ kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i, tó bá ń kọjá, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Tí ò bá jẹ́ òun, kí wọ́n fi ẹ̀rọ fẹ́ èéfín sínú páìpù oru epo, ibi tó bá ti yọ ló ń jò. Kẹ́nikẹ́ni má tanná wá a o! Tí nọ́sù tí wọ́n fi ń rọ epo bá sì ti já fúnra ẹ̀ nílé epo, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún rọ ọ́ kún dẹ́nu, ó máa ń ba canister jẹ́.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀bà-Ilé: Háà, kún dẹ́nu lọkọ mi máa ń ní kí wọ́n rọ ọ́! Ẹ ṣé gan-an sà, valve yẹn, ṣé tòkúnbọ̀ dáa àbí kí n ra tuntun?

Bọ̀dá Wáyà: Tuntun, mà.