Ẹ gbà mí o: maṣíìnì tí mo rà ní gbànjo orí íntánẹ́ẹ̀tì kò tíì dé

Àbẹ̀kẹ́ Peckham: Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ń bí mi débi pé oúnjẹ ò wọ̀ mí lẹ́nu. Àbúrò mi obìnrin máa gba fíríìdọ́ọ̀mù iṣẹ́ télọ̀ ní Abẹ́òkúta lóṣù tó ń bọ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi kọ́ṣẹ́. Èmi ni mo ṣèlérí maṣíìnì ìránṣọ Juki DDL-8700 fún un, ìyá wa sì ti sọ fún gbogbo àdúgbò. Mo rí ọ̀kan lórí ìkànnì gbànjo kan, lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Birmingham. Mo san £420. Ọjọ́ mọ́kànlá rèé, lọ́la, lọ́la ló ń sọ. Ọkọ mi ní òun ti kìlọ̀, kò bá mi wá ọ̀nà àbáyọ. Kí ni mo lè sọ fún ọkùnrin yìí kó tètè fi ẹrù mi ránṣẹ́? Fọ́tò maṣíìnì náà nìyẹn.

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Irú rẹ̀ ṣe mí rí. Fíríìjì ni tèmi. Ó dé tán, ilẹ̀kùn rẹ̀ ò ṣeé tì, oṣù méjì ni mo fi okùn so ó. Ṣe sùúrù, á dé.

Rájí Luton: Sùúrù kọ́ o. Àǹtí, báwo lẹ ṣe sanwó? Lórí ìkànnì yẹn ni, àbí níta?

Àbẹ̀kẹ́ Peckham: Ẹ jọ̀ọ́, èmi kì í ṣe ọmọdé. Àwọn tó ti rajà lọ́wọ́ rẹ̀ yìn ín gan-an.

Alàgbà: Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí! Ohun tí èèyàn ò fọwọ́ kàn, ẹ ó ti sanwó rẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Bàbá, ẹ má bú u, ọkàn rẹ̀ ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀.

Àdùkẹ́ Télọ̀: Àǹtí, ẹ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri lẹ́yìn maṣíìnì yẹn. Ihò róbótó méjì ni. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ihò mẹ́ta onígun ni. Wọn ò ya fọ́tò yìí ní Birmingham.

Àbẹ̀kẹ́ Peckham: Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Mi ò yege ní gbànjo yẹn. £5 ni ẹnì kan fi borí mi nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan. Lọ́jọ́ kejì ni í-meèlì dé látọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń tà á pé ẹni náà ò sanwó, èmi ló kàn, kí n san án sí àkáǹtì báńkì òun tààrà. Báńkì mi béèrè lójú fóònù pé ṣé ó dá mi lójú. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Rájí Luton: Há! Irú ìpè ẹlẹ́ẹ̀kejì bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú àkáǹtì yín lórí ìkànnì ló ti máa hàn, ibẹ̀ náà lẹ ó ti sanwó. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ jáde síta, olè ni. Àwọn tó pàdánù gbànjo ni wọ́n ń ṣọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Kí wọ́n lo Section 75 nínú òfin àwìn ti 1974 (Consumer Credit Act). Ohun tó bá ti ju £100 lọ, báńkì á dá a padà.

Rájí Luton: Káàdì àwìn nìyẹn wà fún. Àkáǹtì sí àkáǹtì ni wọ́n san. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní 7 Oṣù Kẹwàá, 2024 ló bá tiwọn mu: ẹni tí wọ́n bá tàn láti fowó ránṣẹ́ sí báńkì mìíràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, báńkì ní láti dá a padà, títí dé £85,000. Wọ́n lè yọ £100 níbẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Wọ́n á ní ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀bi rẹ̀ ni.

Rájí Luton: Wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀, kó má purọ́ ṣáá. Àìbìkítà tó burú jáì nìkan ni wọ́n lè torí ẹ̀ kọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Peckham: Ṣé kí n dúró di ọ̀la ná? Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ránṣẹ́ pé kọ́sítọ́ọ̀mù dá ẹrù dúró, £180 ló kù. Mo ti yá a lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi.

Àdùkẹ́ Télọ̀: Kọ́sítọ́ọ̀mù wo, láti Birmingham sí Peckham, nínú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà? Ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́!

Rájí Luton: Ẹ pe 159 nísinsìnyí, á gbé yín lọ sí báńkì yín. Ẹ má pa í-meèlì yẹn rẹ́.

Ìyá Ìbejì: Dá owó ọ̀rẹ́ rẹ padà kí o tó sùn lálẹ́ yìí.

Àbẹ̀kẹ́ Peckham: Mo ti pè, wọ́n ní kí n dúró. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá wa?

Àdùkẹ́ Télọ̀: Mo ní maṣíìnì kan ní Láfẹ́ńwá, ní Abẹ́òkúta, tí ẹnikẹ́ni ò lò. Kì í ṣe Juki, ṣùgbọ́n ó ń ránṣọ. Ẹ bá báńkì sọ̀rọ̀ tán ná, kẹ́ ẹ wá kàn sí mi.

Àbẹ̀kẹ́ Peckham: Obìnrin kan ní báńkì ti gbé fóònù. Ó ń béèrè ọjọ́ tí mo sanwó.