Ojú ewé kan ní kí oníbàárà mi tẹ Windows àti R láti fi hàn pé òun kì í ṣe róbọ́ọ̀tì

AgbowoPrint kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan ní Agbowó, ní òdìkejì Yunifásítì Ìbàdàn. Fọ́tókọ́pì, ìwé títẹ̀, fọ́ọ̀mù JAMB, títún iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò, ibẹ̀ la ti ń jẹun. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin la ní, Windows 10 ló wà lórí mẹ́ta, Windows 11 lórí ọ̀kan.

Lánàá, akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ sọ PDF di Word. Ó wá a lórí Google, ó tẹ èyí tó kọ́kọ́ rí. Ojú ewé tó ṣí gbé àpótí "I'm not a robot" tí gbogbo wa mọ̀ jáde, ó sì tẹ ẹ́. Àwòrán bọ́ọ̀sì àti iná ojú títì tí wọ́n máa ń ní ká mú kò jáde o. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé kó di bọ́tìnì Windows mú kó tẹ R, kó tẹ Ctrl àti V, kó wá tẹ Enter. Ọmọ náà ti na ọwọ́ sí kíbọ́ọ̀dù kí n tó pariwo mọ́ ọn. Mi ò mọ ohun tó jẹ́, àmọ́ ara mi ò gbà á. Mo pa bráúsà náà.

Kí ni nǹkan yìí? Àti pé, kọ̀ǹpútà ẹnu ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń lò kì í sinmi. Ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ṣe ló ń kọ ọ́ ṣáá pé fáírọ́ọ̀sì márùn-ún ti wọlé, pé antivirus mi ti parí, kí n sanwó. Èmi ò sì ra antivirus kankan rí. Ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò ní ká mú ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà wá kóun bá wa fọ̀ ọ́. Ṣé kí n fún un?

Baba ThinkPad kọ:

Àbúrò, má fún un ní kọ́bọ̀.

Ti kọ̀ǹpútà ẹnu ọ̀nà ni màá kọ́kọ́ sọ, torí kò le. Wo ara ìfitónilétí yẹn dáadáa, wàá rí orúkọ ìkànnì kan tó o ò mọ̀ rí, wàá sì rí "Google Chrome" níbẹ̀. Ìyẹn ni pé Windows kọ́ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ló lọ wo bọ́ọ̀lù tàbí fíìmù ọ̀fẹ́, ìkànnì náà béèrè pé ṣé kóun máa fi ìfitónilétí ránṣẹ́, onítọ̀hún sì tẹ "Allow" kó lè rí ohun tó ń wò. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń da ìpolówó ẹ̀tàn sí ọ lójú. Ṣí Chrome, kọ chrome://settings/content/notifications sínú àpótí àdírẹ́sì. Yọ gbogbo orúkọ tó bá wà lábẹ́ "Allowed to send notifications" kúrò, kó o wá mú "Don't allow sites to send notifications" kó má bàa sí ẹni tí yóò tún béèrè mọ́. Bó bá jẹ́ Edge ni, fi edge rọ́pò chrome nínú àdírẹ́sì yẹn. Ó parí. Mo mọ àwọn tó ń gbowó lórí èyí: wọ́n á gbé kọ̀ǹpútà lọ sílé, wọ́n á dá a padà lọ́jọ́ kejì, wọ́n á ní àwọn ti fọ́máàtì rẹ̀.

Ti akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ló wúwo, ariwo tó o pa sì bọ́ sí i. Láti 2024 ni irú olè yìí ti gbòde. ClickFix ni àwọn oníṣẹ́ ààbò ń pè é. Nígbà tí ọmọ yẹn tẹ "I'm not a robot", ojú ewé náà ti rọra kó ọ̀rọ̀ kan sínú clipboard, níbi tí ohun tá a bá kọ́pì máa ń wà. Windows àti R ló ń ṣí àpótí Run. Ctrl àti V á lẹ ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀, Enter á ní kí Windows ṣe ohun tó wí. Àṣẹ ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú powershell tàbí mshta, àwọn irinṣẹ́ tó bá Windows wá, iṣẹ́ tó sì ń rán kọ̀ǹpútà ni pé kó lọ gbé nǹkan kan wá látorí íntánẹ́ẹ̀tì, kó ṣí i lójú ẹsẹ̀.

Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ inú rẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Àpótí Run ò fẹ̀, ìparí ọ̀rọ̀ gígùn nìkan ló ń hàn níbẹ̀. Wọ́n wá kọ "I am not a robot" àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ èké kan sí ìparí àṣẹ náà. Ìyẹn lojú máa rí, èyí tó fẹ́ jani lólè ti fara pa mọ́ sápá òsì. Bí irú rẹ̀ bá tún yọjú tó o fẹ́ rí i, inú Notepad ni kó o lẹ̀ ẹ́ sí. Notepad kì í ṣe ohun tí wọ́n bá kọ sínú rẹ̀, ó kàn ń fi í hàn ni.

Sọ fún àwọn ọmọ tó ń bá ọ ṣiṣẹ́ pé àyẹ̀wò róbọ́ọ̀tì tòótọ́, inú ojú ewé ló ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló ń parí sí. Èyí tó bá ti ní kéèyàn jáde kúrò nínú bráúsà, olè ni.

Kí wá ni wọ́n ń jí? Páásíwọ́ọ̀dù tí bráúsà bá ọ tọ́jú, àti kúkì. Ọ̀pọ̀ ò ka kúkì sí, òun gan-an ló sì burú jù. Bó o bá ti wọ Gmail tán, tó o ti kọ páásíwọ́ọ̀dù àti kóòdù orí fóònù, Google á fún bráúsà rẹ ní kúkì. Ó dà bíi káàdì tí wọ́n ń fún àlejò lẹ́nu géètì òde ìnáwó: ẹni tó bá ti mú un dání ń wọlé ni, wọn ò tún béèrè orúkọ. Olè tó bá jí kúkì yẹn lè wọ ìméèlì rẹ láti ilẹ̀ òkèèrè láìnílò kóòdù kankan. Google tún ọ̀nà tí Chrome ń gbà tọ́jú kúkì ṣe ní 2024, kò pẹ́ tí àwọn olè fi rí ọ̀nà gbà yí i po. Ọ̀kan nínú àwọn irinṣẹ́ olè yìí tó lókìkí jù ni Lumma, wọ́n ń háyà rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá lówó lọ́wọ́. Ní oṣù karùn-ún 2025, Microsoft sọ pé àwọn rí kọ̀ǹpútà Windows tó lé ní 394,000 tí Lumma ti wọ̀ láàárín oṣù méjì péré. Microsoft àti àwọn agbófinró gba nǹkan bí 2,300 àdírẹ́sì ìkànnì lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó. Àwọn olè ò sì torí ìyẹn jáwọ́.

TunjiCodes kọ:

Bàbá, ẹ má dẹ́rù bà wọ́n jù. Antivirus gidi á gbá gbogbo ìyẹn mú. Èmi ra ti ọdún kan, ọkàn mi balẹ̀.

Baba ThinkPad kọ:

Á gbá òmíràn mú, òmíràn á kọjá lára rẹ̀. Microsoft fúnra rẹ̀ ló ṣe PowerShell, ìwọ tó o sì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lo fọwọ́ ara rẹ pàṣẹ fún un. Báwo ni antivirus ṣe fẹ́ mọ̀ pé ìwọ kọ́ lo ń ṣe iṣẹ́ rẹ? Defender tó bá Windows wá lọ́fẹ̀ẹ́ tó fún ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, bí wọn ò bá ti pa á. Ibẹ̀ ni mo ń bọ̀. Office tó wà lórí ẹ̀rọ rẹ, Túnjí, ṣé o rà á? Tó bá jẹ́ kíráàkì ni, rántí pé ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó fún ọ ní kó o ṣe ni pé kó o pa Defender. Ọ̀pọ̀ Lumma tí mò ń sọ yìí, inú kíráàkì ló ń gùn wọlé.

TunjiCodes kọ:

Ẹ fi Office mi sílẹ̀, bàbá 😂

OmoPeckham kọ:

Ẹ kú àlàyé, sà. Kí àwọn tó ń lo Mac má rò pé àwọn yọ. Èyí témi rí níbí, Command àti Space ni wọ́n ní kí n tẹ̀, kí n wá Terminal, kí n lẹ ohun kan síbẹ̀, pé bí wọ́n ṣe ń "tún bráúsà ṣe" nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n kan nínú ìjọ wa tẹ Enter lórí tirẹ̀. Wọ́n fi ìméèlì rẹ̀ tọrọ owó lọ́wọ́ gbogbo ará ìjọ. Kí lẹni tó bá ti tẹ̀ ẹ́ tán lè ṣe?

Baba ThinkPad kọ:

Kó yọ íntánẹ́ẹ̀tì ara kọ̀ǹpútà náà lójú ẹsẹ̀. Fóònù tàbí ẹ̀rọ mìíràn ni kó fi pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù, kó má fi kọ̀ǹpútà yẹn ṣe é, torí olè á tún rí tuntun. Ìméèlì ni kó kọ́kọ́ pààrọ̀, kó tó kan báńkì. Lẹ́yìn náà, kó wọ myaccount.google.com, Security, "Your devices", kó lé gbogbo ẹ̀rọ tó bá rí níbẹ̀ jáde. Ìgbà yẹn ni kúkì tí wọ́n jí tó di aláìwúlò. Kọ̀ǹpútà ọ̀hún, kó fọ́máàtì rẹ̀. Níbí yìí, mo fara mọ́ fọ́máàtì.

AgbowoPrint, ṣé o ti wò ó bóyá ẹlòmíràn ti ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù rẹ kó o tó débẹ̀? Tẹ Windows àti R fúnra rẹ, tẹ ọfà kékeré tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún àpótí náà. Àwọn ohun tí wọ́n ti fi Run ṣí rí á tò jáde. Bó o bá rí powershell àti àdírẹ́sì gígùn kan níbẹ̀, ohun tí mo sọ fún OmoPeckham kàn ọ́.

Bí kò bá sí, ti Run pa. Ṣí àkáǹtì tuntun fún àwọn oníbàárà lórí Windows, kó jẹ́ Administrator ná. Wọ inú rẹ̀, ṣí regedit (ibi tí Windows ń tọ́jú ètò rẹ̀ sí), lọ sí HKEY_CURRENT_USER\Software\Microsoft\Windows\CurrentVersion\Policies. Bí Explorer ò bá sí lábẹ́ rẹ̀, dá a sílẹ̀. Ṣe DWORD kan síbẹ̀, pè é ní NoRun, fi 1 sí i. Ìgbà tó o bá ṣe èyí tán ni kó o tó sọ àkáǹtì náà di Standard. Bó o bá kọ́kọ́ sọ ọ́ di Standard, Windows ò ní jẹ́ kó o kọ nǹkan kan síbẹ̀ mọ́. Jáde, tún wọlé, Windows àti R ò ní ṣí fún wọn mọ́. Má wọ ìméèlì tàbí báńkì tìrẹ nínú àkáǹtì yẹn láé.

Fi Firefox sórí gbogbo wọn, kó o fi uBlock Origin, tó ń dí ìpolówó, sínú rẹ̀. Chrome ti lé uBlock Origin dànù, Lite rẹ̀ nìkan ló kù síbẹ̀. Firefox ṣì gba ojúlówó. Ìpolówó tó wà lókè èsì Google, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń tẹ láìwò, kò ní hàn rárá. Àti pé kí ló dé tí wọ́n fi ń wá ìkànnì tó ń sọ PDF di Word? Word 2013 àti èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ń ṣí PDF fúnra wọn. File, Open, mú PDF náà, ó tán.

Mẹ́ta tó wà lórí Windows 10, Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025. Wo Settings, Windows Update, bóyá "Enroll" wà níbẹ̀: ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ ń rí àtúnṣe gbà títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá 2026.

AgbowoPrint kọ:

Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Mo ti wo Run lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, cmd àti calc nìkan ló wà níbẹ̀. Ariwo kọ̀ǹpútà ẹnu ọ̀nà ti dákẹ́. Ó ku ẹyọ kan: àwọn oníbàárà máa ń ṣí WhatsApp Web lórí kọ̀ǹpútà wa kí wọ́n lè fa fáìlì wọn jáde. Wọ́n á tẹ̀wé tán, wọ́n á sì máa lọ. Lọ́jọ́ kan, a rí ọ̀rọ̀ tọkọtaya kan lójú kọ̀ǹpútà tí kò yẹ ká rí.

Baba ThinkPad kọ:

Ṣe ṣọ́tíkọ́ọ̀tì Chrome kan sí ojú kọ̀ǹpútà. Nínú Properties rẹ̀, ní àpótí Target, lẹ́yìn chrome.exe àti àmì " tó tẹ̀ lé e, fi àlàfo kan sílẹ̀ kó o kọ --guest. Inú èyí ni kí gbogbo oníbàárà ti máa ṣí WhatsApp. Bí wọ́n bá ti pa gbogbo fèrèsé Guest náà, kúkì á lọ, WhatsApp á jáde lórí kọ̀ǹpútà yẹn. Fáìlì tí wọ́n dáńlóòdù nìkan ni kò ní lọ, kí ọmọ rẹ máa pa Downloads rẹ́ nírọ̀lẹ́. Àwọn tọkọtaya yẹn, bó o bá ní nọ́ńbà wọn, sọ fún ẹni tó ni fóònù kó lọ sí "Linked devices" nínú WhatsApp rẹ̀ kó yọ kọ̀ǹpútà rẹ kúrò níbẹ̀. Má sọ ohun tó o kà fún un o.